Ojúgun ń dùn mí, ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: kí n rọ́jú ni àbí kí n jáwọ́?

elese_irin (Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, òní ni mo fẹ́ béèrè tèmi. Ó gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Mo ń múra máràtọ́ọ̀nì, kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ yẹn gangan, kì í ṣe ààbọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo máa forúkọ sílẹ̀ nìyí. Ti àkọ́kọ́, àìsàn ò jẹ́ kí n débẹ̀ rárá. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, orúnkún ló dá mi dúró ní kìlómítà 31, inú mọ́tò ni wọ́n fi gbé mi délé eré, mo ń wo àwọn tí mo ti kọjá tẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi búra pé tọdún yìí, bó ṣe wù kó rí, màá parí ẹ̀. Gbogbo ayé ló sì mọ̀. Níbi iṣẹ́, "Máràtọ́ọ̀nì" ni wọ́n ń pè mí báyìí, wọ́n ti gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

Ojúgun ẹsẹ̀ òsì ni wàhálà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Níbẹ̀rẹ̀, tí mo bá sáré tán ló máa ń ro mí. Nígbà tó yá ó wá ń ro mí láàárín eré. Báyìí tí mo bá jí láàárọ̀ mo máa ń tiro bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ pé ti èmi lòun. Mo ń lo oògùn ìrora kí n tó jáde, ó sì ń ṣiṣẹ́, mo sá kìlómítà 26 ní Sátidé tó kọjá. Ìyàwó mi ní òun ò bá mi sọ̀rọ̀ eré mọ́ láéláé. Mi ò sùn dáadáa, gbogbo èèyàn ló ń bí mi nínú. Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, eré yẹn gan-an ò dùn mọ́ mi mọ́, mi ò rántí ìgbà tí mo gbádùn ẹ̀ kẹ́yìn.

Ìbéèrè mi ni pé, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́? Mi ò fẹ́ di ẹni tó ń fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ lágbede méjì. Mi ò sì fẹ́ ya arọ.

SareLo (Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́)

Ọ̀gá mi, rọ́jú. Kò sẹ́ni tó sá máràtọ́ọ̀nì tí ibì kan ò dùn ún lára. Èmi sá ti àkọ́kọ́ mi pẹ̀lú èékánná méjì tó ti dúdú tó fẹ́ bọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, o ti ṣe èyí tó le jù, kìlómítà 26 kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹ rántí Derek Redmond, asáré ọmọ Britain, Òlíńpíìkì 1992 ní Barcelona, iṣan itan ẹ̀ já láàárín eré, ó dìde, ó ń fẹsẹ̀ kan tọ pọ́npọ́n títí ó fi parí. Gbogbo ayé dìde fún un. Ṣé wọ́n rántí ẹni tó gba góòlù eré yẹn lọ́dún náà?

FisioAgba (Ọjọ́bọ̀, 10:25 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n elese_irin, físíò ni mí, àwọn tó ń sáré ni mo sì ń tọ́jú jù. Mi ò lè rí ẹsẹ̀ yín látorí fóònù o, ẹ má ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sí àyẹ̀wò. Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe tò ó yẹn, "tí mo bá sáré tán", "láàárín eré", "tí mo bá jí", ẹ̀rù bà mí. Bí egungun tó ti ń sán ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Oríṣi ìrora méjì ló wọ́pọ̀ ní ojúgun àwọn asáré. Ọ̀kan máa ń tẹ́ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú ojúgun, tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ látòkè gbogbo ibẹ̀ ló máa dùn, ó sábà máa ń ju sẹ̀ntímítà 5 lọ, tí ara bá sì ti gbóná ó lè rọlẹ̀. Ìyẹn ò dáa, ṣùgbọ́n èèyàn lè dín eré kù kó sì bọ́ nínú ẹ̀. Èkejì ni pé egungun fúnra ẹ̀ ti sán. Kò tíì kán o, ó sán tín-ín-rín bí ìgò tó ti nílà lára. Ìyẹn, ìka kan ṣoṣo lẹ máa fi tọ́ka ibẹ̀. Kì í rọlẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbóná, ńṣe ló ń le sí i, tó bá wá burú á máa ro yín lóru tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé egungun dà bí igi gbígbẹ. Ó wà láàyè. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sáré ló máa ń fọ́ díẹ̀díẹ̀, ara á sì tún un mọ, á kúkú mọ ọ́n le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà ìsinmi ló ń mọ ọ́n. Tí ìfọ́ bá ń yára ju ìmọ lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ibẹ̀ ló ti ń sán.

Oògùn yẹn wá ńkọ́? Ajá ń gbó lóru, ẹ fún un ní oògùn oorun. Ilé pa rọ́rọ́, olè ṣì wà nínú ọgbà. Tó bá sì jẹ́ irú ibuprofen tàbí diclofenac lẹ ń lò kẹ́ ẹ tó sáré gígùn, tẹ́ ẹ ń làágùn tí omi ara ń gbẹ, kíndìnrín lẹ ń yọ lẹ́nu.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Ṣé ìka kan lẹ lè fi tọ́ka ibẹ̀ ni àbí àtẹ́lẹwọ́? Ṣé ó ń ro yín lóru? Oògùn wo ni, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fẹsẹ̀ kan fò láti dán an wò bí wọ́n ṣe ń sọ kiri. Tó bá jẹ́ pé ó ti sán lóòótọ́, ẹ lè parí iṣẹ́ fún un.

Alakosile (Ọjọ́bọ̀, 10:51 alẹ́)

SareLo, ìtàn Redmond yẹn ò rí bó o ṣe rò ó. Bàbá ẹ̀ ló já wọ orí pápá tó gbé e lọ́wọ́ wá sídìí ìlà, nínú ìwé èsì, wọ́n kọ ọ́ pé kò parí. Iṣan ẹ̀ sì ti já kó tó dìde, kì í ṣe pé ó wà níbẹ̀ tó ń pinnu bóyá kóun já a. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Èèyàn tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ sí tó fẹ́ délé, àti èèyàn tó ń rí jàǹbá lókèèrè tó ń tẹ̀ síwájú. Àti pé ìṣòro ẹsẹ̀ ló gbà á lórí pápá ní bí ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n péré ni.

Tó bá jẹ́ ìtàn là ń wá, Paula Radcliffe, asáré máràtọ́ọ̀nì ọmọ Britain, ni kẹ́ ẹ wò. Òlíńpíìkì Athens 2004, òun ni gbogbo ayé ń retí pé á gba góòlù, òun ló ni àmì eré tó yá jù lọ láàárín àwọn obìnrin nígbà yẹn. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tó ku bíi kìlómítà 6, ó ń sunkún. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún ṣáájú, oògùn tó sì ń lò fún un ti da inú ẹ̀ rú. Àwọn oníròyìn nà án bí ẹni na bàrà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn ẹ̀ ó sá máràtọ́ọ̀nì New York, ó gbapò kìíní. Tó bá rọ́ kìlómítà 6 yẹn parí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa rò ó wò.

elese_irin (Ọjọ́ Ẹtì, 6:03 àárọ̀)

FisioAgba ẹ ṣé gan-an. Ìka kan ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán báyìí, ibi kan báyìí ló wà, bí ìdajì ojúgun sísàlẹ̀, nínú. Lóru, bẹ́ẹ̀ ni, níjẹta ló bẹ̀rẹ̀. Ó tì mí lójú láti sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́. Oògùn, ibuprofen ni, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, nígbà míì méjì lẹ́ẹ̀kan.

Àmọ́ ẹ wò ó, ọdún méjì àbọ̀ ni mo ti fi sí i. Tí mo bá dúró báyìí gbogbo ẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn.

Oke_n_pe (Ọjọ́ Ẹtì, 7:30 àárọ̀)

Èmi kì í sáré, òkè ni mò ń gùn, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè.

Láàárín àwa tó ń gun òkè, kí ẹsẹ̀ tó kúrò nínú àgọ́ la ti máa ń fẹnu kò sí aago kan. Ẹ jẹ́ ká ní aago méjì ọ̀sán. Tí aago méjì bá lù, níbi yòówù kó o wà, kódà kó o máa fojú rí ṣóńṣó òkè, o yí padà. Ìdí tá a fi ń sọ ọ́ nílẹ̀ ni pé ẹni tó wà lókè níbi tí atẹ́gùn ò ti tó kò ní làákàyè tó máa fi pinnu. Ọpọlọ tó o fi gbéra kọ́ lo máa bá lókè. Ẹni tó wà nílẹ̀ ló mọ̀ jù, òun ló yẹ kó pàṣẹ.

Ọdún 1996 lórí Everest, èèyàn 8 ló kú nínú ìjì ọjọ́ 10 sí 11 oṣù Karùn-ún, àwọn kan nínú wọn ti kọjá aago tí wọ́n ní àwọn máa yí padà, wọ́n ṣì ń gòkè. Lóṣù yẹn kan náà ará Sweden kan wà níbẹ̀, Göran Kropp, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Sweden dé ẹsẹ̀ òkè yẹn o, ó ru ẹrù ara ẹ̀, kò lo afẹ́fẹ́ inú àgbá. Nígbà tó kù bíi mítà 100 péré kó débẹ̀, ó wo aago, ó wo ara ẹ̀, ó yí padà. Ẹ ro mítà 100 yẹn lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti Yúróòpù! Kò pé oṣù kan tó tún gùn ún, ó débẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Torí náà ìbéèrè mi sí ẹ̀gbọ́n ni pé, aago wo lẹ dá sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìmúra yìí? Ó dà bíi pé ìbúra nìkan lẹ ṣe, ẹ ò dá aago kankan.

SareLo (Ọjọ́ Ẹtì, 8:02 àárọ̀)

Mo gbọ́ ti Redmond, mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ti ń sáré lọ síbi ìjáwọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Kó sinmi ọ̀sẹ̀ kan, kó pààrọ̀ bàtà, kó wá máa rọra sá a lórí ilẹ̀ rírọ̀. Mo mọ èèyàn mẹ́ta tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì parí. Ẹ má fi ìtàn òkè dẹ́rù ba ọmọlẹ́yìn Jésù.

IyaAsare (Ọjọ́ Ẹtì, 12:47 ọ̀sán)

SareLo, ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé èèyàn mẹ́ta tó parí lo mọ̀ torí pé àwọn tí kò parí ò ní wá sọ fún ẹ? Èmi nìyí, mo ń sọ fún ẹ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí, mo ti sá máràtọ́ọ̀nì méje. Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ló gbé mi lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Ìgbáròkó ló ń dùn mí, níwájú, níbi tí itan ti pàdé ìbàdí. Mo ní iṣan ni. Kóòṣì mi náà ní iṣan ni. Mo sinmi ọ̀sẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí ìwọ ṣe wí yìí, ó rọlẹ̀, inú mi dùn, mo padà. Ọ̀sẹ̀ kan ni o! Ọ̀sẹ̀ kan tó láti jẹ́ kí ìrora lọ, kò tó kí egungun mọ. Àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, eré jẹ́jẹ́, kì í ṣe eré tete, mo gbọ́ ọ. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ẹ̀. Ọrùn egungun itan ló kán. Wọ́n fi ìdè irin mẹ́ta dè é. Oṣù mẹ́ta lórí igi ìkẹ́gbẹ́, ọdún kan kí n tó lè sá débi òpó iná kejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣì máa ń sọ fún mi tí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí nígbà yẹn, tó yẹ kí dókítà àkọ́kọ́ tí mo rí bi mí, ni pé nǹkan oṣù mi ti dúró fún oṣù márùn-ún. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo wà nígbà yẹn, mo rò pé ọjọ́ orí ni. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní wàhálà kan kúrò. Ebi ni mò ń pa ara mi láì mọ̀, mò ń sáré bí ẹṣin mò ń jẹun bí ẹyẹ, ara wá pa iná ibi tó rò pé òun ò nílò, egungun sì wà lára ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé ti fún un lórúkọ lọ́dún 2014, RED-S ni wọ́n ń pè é, ó sì ń mú ọkùnrin náà, ti ọkùnrin ló kàn ṣòro láti rí torí kò sí nǹkan oṣù tó máa sọ. Elese_irin, àìsùn yẹn, ìbínú yẹn, eré tí kò dùn mọ́ yẹn, ẹ má rò pé ìwà ni. Ṣé ẹ ń jẹun tó? Ṣé ẹ ti fọn ju bó ṣe yẹ lọ? Tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, ẹ ka bí ọkàn yín ṣe ń lù kẹ́ ẹ tó dìde, fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Tó bá ti ga ju bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀ lọ, ara yín ń sọ nǹkan.

Àwọn àgbà ní akíkanjú tó mọ̀ọ́ jà tí kò mọ̀ọ́ sá ní í bógun lọ. Èmi ò bógun lọ, mo fi ìbàdí kan sílẹ̀ fún un ni.

OlowoGita (Ọjọ́ Ẹtì, 3:15 ọ̀sán)

Jẹ́ kí n sọ apá kejì torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ìjáwọ́ ò nídùnnú kankan tó ń gbà lọ.

Gìtá ni tèmi. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo fara dà á fún ọdún kan. Nígbà tí mo wá bẹ̀rù tán, mo jáwọ́ pátápátá, lọ́jọ́ kan. Mo ta gìtá. Mo yọ nọ́ńbà gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣeré. Ọwọ́ mi gbádùn láàárín oṣù mẹ́rin. Èmi ni kò gbádùn. Mi ò mọ ẹni tí mo jẹ́ láàárín àwọn èèyàn, tí wọ́n bá ní "kí lẹ ń ṣe" ẹnu mi á wúwo. Ọdún mẹ́ta ló gbà mí kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe orin ló pa ọwọ́ mi, wákàtí mẹ́fà láì sinmi àti bí mo ṣe ń tẹ ọrùn ọwọ́ ni. Mo ti padà, ogójì ìṣẹ́jú, mo dúró, mo na ọwọ́. Ọdún mẹ́ta yẹn ò padà sí mi.

Robert Schumann ba ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ jẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, dùùrù ló fẹ́ máa tẹ̀ fún aráyé. Kò lè ṣe é mọ́. Kò kúrò nínú orin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fáwọn míì tẹ̀, òun la sì ń tẹ̀ títí dòní. Nítorí náà ẹ bi elese_irin ohun tó ń jáwọ́ nínú ẹ̀ gan-an. Eré sísá ni? Máràtọ́ọ̀nì ni? Ìdíje tọdún yìí nìkan ni? Àbí orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́?

Oke_n_pe (Ọjọ́ Ẹtì, 3:31 ọ̀sán)

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dáhùn ìyẹn.

akekoo_tele (Ọjọ́ Ẹtì, 8:20 alẹ́)

Mo fẹ́ dá sí "ọdún méjì àbọ̀ ti ṣòfò" torí ọ̀rọ̀ yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀ ní yunifásítì fún ọdún méjì àlékún. Ìwé ọ̀mọ̀wé ni mò ń kọ. Ní ọdún kẹrin mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ò ní jáde, ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà ò dá mi lóhùn, àyà mi ń já tí mo bá gbọ́ tí fóònù dún, mo ń bì láàárọ̀ kí n tó wọ ọ́fíìsì. Mo dúró dé ọdún kẹfà. Kí ló dá mi dúró? Ọdún mẹ́rin tí mo ti lò. Mo wá fi ọdún méjì kún un kí mẹ́rin má baà ṣòfò, mẹ́fà wá ṣòfò.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní orúkọ fún un, wọ́n sì máa ń fi bàlúù Concorde ṣe àpẹẹrẹ, ìjọba Britain àti Faransé ń kówó sí i nígbà tó ti hàn pé kò ní mówó wọlé, torí èyí tí wọ́n ti kó sí i ti pọ̀ jù. Ohun tó ti lọ ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Yálà ẹ sá a o, yálà ẹ ò sá a, ọdún méjì àbọ̀ yẹn ò ní padà wá. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń bọ̀ àti ẹsẹ̀ yẹn.

Ohun tó là mí lójú rèé: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí pé "ká ní àná lo gba lẹ́tà ìwọlé, tó o ti mọ gbogbo ohun tó o mọ̀ yìí, ṣé wàá wọlé?" Kí ó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti ní rárá.

SareLo (Ọjọ́ Ẹtì, 8:44 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká dúró sórí eré. Ti gìtá, ti ìwé, ti òkè, ti bàlúù, lọ́la ẹnì kan á mú ti ìgbéyàwó wá.

IyaAsare (Ọjọ́ Ẹtì, 8:50 alẹ́)

Mo ní ti ìgbéyàwó náà o, tó o bá fẹ́ gbọ́ 😂

FisioAgba (Ọjọ́ Sátidé, 7:10 àárọ̀)

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n padà sórí ojúgun kí wọ́n má baà lé wa.

Ẹ̀gbọ́n, ìka kan, òru, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ dá eré dúró lónìí, kì í ṣe lẹ́yìn kìlómítà ti òní. Ẹ lọ rí dókítà àwọn eléré ìdárayá. Tí wọ́n bá ya ẹ́síréè tí wọ́n ní kò sí nǹkan, ẹ má jó wálé, ẹ́síréè sábà máa ń fò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà míì kì í rí i rárá. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló máa sọ òótọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó wà gan-an ni pé egungun ò dọ́gba. Ti ẹ̀yìn tàbí inú ojúgun, tẹ́ ẹ bá fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ló máa ń jiná, èèyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn-sá rìn-sá. Ti iwájú ojúgun gangan, tàbí ọrùn itan bíi ti Ìyá, tàbí egungun kékeré kan lókè àtẹ́lẹsẹ̀, ìyẹn kì í gba àṣìṣe, ẹ̀jẹ̀ tó ń débẹ̀ ò tó, tàbí kó jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń tẹsẹ̀ ló ń yà á sọ́tọ̀.

SareLo, bàtà ò wo egungun. Ilẹ̀ rírọ̀ náà ò wò ó. Mo mọ̀ pé ire lo fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó o sọ pé kò sẹ́ni tí ibì kan ò dùn, òótọ́ ni, mo fẹ́ gbè ẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí àwọn tuntun tó bá ń ka èyí á máa rò pé gbogbo ìrora ni kí wọ́n sá fún. Ìrora iṣẹ́ máa ń wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó máa ń tẹ́ káàkiri ẹran ara, ó ń lọ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, kì í sì í yí bẹ́ ẹ ṣe ń rìn padà. Èyí tó wà lápá kan, lójú kan, tó ń burú sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tó ń mú yín tiro, kì í ṣe ìrora iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ń tiro kò gbọ́dọ̀ máa sáré, mi ò ní àyọkúrò kankan fún ìyẹn.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé ẹ máa jókòó sójú kan. Tí dókítà bá gbà, ẹ lè sáré nínú omi jíjìn pẹ̀lú bẹ́líìtì tó ń gbé èèyàn léfòó, ẹsẹ̀ ò ní kan ilẹ̀, ọkàn yín á sì máa ṣiṣẹ́.

Alakosile (Ọjọ́ Sátidé, 9:05 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Simone Biles, eléré jìmúnásítíìkì ọmọ Amẹ́ríkà, Òlíńpíìkì Tokyo lọ́dún 2021. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, kò mọ ibi tó wà lófuurufú, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, ó jáwọ́ nínú ìdíje àjùmọ̀ṣe. Ọ̀pọ̀ ló pè é ní ojo. Nínú irú eré yẹn, ọrùn lèèyàn ń fi balẹ̀ tí kò bá mọ ibi tó wà. Ní Paris 2024 ó gba góòlù mẹ́ta. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó bá jáwọ́ ló máa padà gba góòlù o, Ash Barty jáwọ́ nínú tẹ́níìsì lọ́dún 2022 nígbà tó wà nípò kìíní láyé, ọmọ ọdún 25, kò padà, ó sì ní kò dun òun. Méjèèjì ló dáa lójú mi.

OlowoGita (Ọjọ́ Sátidé, 9:20 àárọ̀)

Ẹ mà máa ń kó àwọn olókìkí wá ṣá. Àwa tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wá ńkọ́.

elese_irin (Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, 5:48 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti padà dé. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, inú ló ń bí mi sí yín, pàápàá FisioAgba, ẹ dárí jì mí.

Mi ò dúró lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán, mo wọ bàtà. Mo ní màá sá kìlómítà mẹ́ta péré láìlo oògùn, kí n gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ máa sọ. Mi ò dé kìlómítà kan. Mo jókòó sórí bèbè títì, mo pe ìyàwó mi kó wá gbé mi. Kò sọ nǹkan kan nínú mọ́tò. Ká ní ó bú mi ni ì bá sàn.

Wọ́n ṣe MRI. Ó ti sán lóòótọ́, nínú ojúgun, lápá ẹ̀yìn, dókítà ní ibi tó dáa ni, tí ibi tó dáa bá wà. Bàtà ńlá tí wọ́n ń wọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí eré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán, lẹ́yìn náà a máa wò ó. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, fítámì D lọ sílẹ̀. Ó bi mí bí mo ṣe ń jẹun, mo rántí Ìyá. Mo ti fi kìlógíráàmù 9 rù láti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi í yangàn.

Mo ti kọ lẹ́tà sáwọn tó ń ṣètò pé mi ò ní lè wá. Ìyẹn le ju bàtà ńlá lọ. Ní ibi iṣẹ́, mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn kàn wo ẹsẹ̀ mi ó ní "ah ah, kí ló ṣe ọ́?" ó sì padà sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ọdún méjì àbọ̀ tí mo fi ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ.

OlowoGita, mo ti ń ro ìbéèrè yín. Mi ò tíì mọ̀. Bóyá máràtọ́ọ̀nì ni mi ò fẹ́ mọ́, bóyá eré kúkúrú á tó mi. Tí wọ́n bá ní kí n forúkọ sílẹ̀ tọdún tó ń bọ̀ lónìí, mi ò lè dáhùn kíákíá bíi ti akekoo_tele. Àmọ́ tí mo bá forúkọ sílẹ̀, ìyàwó mi ló máa mú aago lọ́wọ́, a ti sọ ọ́. Tí mo bá ti tiro ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra, ó ti parí nìyẹn, mi ò ní bá a jiyàn.

Ìbéèrè kan ló kù. Dókítà gbà kí n máa sáré nínú omi, mo débẹ̀ lánàá, bẹ́líìtì yẹn gbé mi léfòó lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mò ń dà sí, mo mu omi bí ẹja. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

SareLo (Ọjọ́ Ajé, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Ọ̀gá mi, pẹ̀lẹ́ o. Mo tọrọ àforíjì, àṣẹ tí mo pa yẹn ò dáa. Ní ti omi, na ẹ̀yìn gbọọrọ, má dà sẹ́yìn, má sì tẹ̀ síwájú bí ẹni gun kẹ̀kẹ́, kí orúnkún gòkè kí ẹsẹ̀ sì tẹ̀ sísàlẹ̀ bíi pé ò ń gun àtẹ̀gùn. Bẹ́líìtì yẹn náà, yí i, ibi tí wọ́n ti ń dè é ló yẹ kó wà níwájú, kí fóòmù wà lẹ́yìn.

elese_irin (Ọjọ́ Ajé, 6:14 ìrọ̀lẹ́)

Òdì ni mo dè é.